Ìṣirò Ara Ògiri

Owú ò dáa, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí wọn ò tíì fi àbúrò rẹ̀ ṣe ọ̀gá lé lórí rí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àkọ́bí Bàbá Oníná ti ń fa wáyà kí àbúrò rẹ̀ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Síbẹ̀, àbúrò yìí ni bàbá wọn ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Àwọn oníbàárà náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ṣé Ọ̀gá Kékeré wà?” Àkọ́bí á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló wà tó ń jẹun. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó dáa náà, ta ló ń yin àkísà?

Bàbá ra ẹ̀rọ amómigbóná sí ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nítorí ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wọn. Ọ̀gá Kékeré ló gbéṣẹ́ ọ̀hún lé lọ́wọ́. Òfin ilé wọn ni pé ẹni tó bá fa wáyà á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò rẹ̀ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bíréékà, ẹlòmíràn á sì wò ó kí wọ́n tó tan iná.

Ìṣirò náà kò ṣòro. Bí iná bá jò sára irin ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà sáré gba wáyà ilẹ̀ padà síbi tó ti wá, kí bíréékà lè já kíákíá. Wọ́n á ro ìdènà tó ń fa iná sẹ́yìn nínú wáyà ìta ilé pọ̀ mọ́ ti wáyà iná tó lọ àti ti wáyà ilẹ̀ tó bọ̀, wọ́n á fi èyí tí ooru wáyà máa ń dá sílẹ̀ kún un. Fún bíréékà yìí, àròpọ̀ ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ ju òṣùwọ̀n óòmù 1.37 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, bíréékà á kàn máa wòran, ẹni tó fọwọ́ kan irin yẹn ni yóò sì jìyà ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. 1.17 ni mo rí.”

Àkọ́bí wò ó. Àbúrò rẹ̀ ti ṣírò wáyà ilẹ̀ bí ẹni pé ó nípọn tó wáyà iná, bẹ́ẹ̀ ó tín-ín-rín jù ú lọ, ìdènà rẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ó tún un ṣe nínú orí ara rẹ̀: 1.43. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rín fẹ́ pa á.

“Mo ti wò ó,” ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá kì í tan iná láìfi ẹ̀rọ ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú gbogbo ilé ni àṣìṣe náà máa hàn. Ọ̀gá á kúrò níbẹ̀, á ku Kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wọn ti wà nínú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì léjìká. Ọwọ́ òfìfo ni Bàbá gbé dé ìdí àpótí bíréékà, kò mú ẹ̀rọ ìwọ̀n dání.

“Bàbá, ẹ ò ní wọ̀n ọ́n ni?” Àkọ́bí bèèrè.

“Ta ló wò ó?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” Ọ̀gá Kékeré dáhùn.

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Kí ni mo tún fẹ́ wọ̀n nígbà náà? Àbúrò rẹ yìí, torí kó má bàa sá níṣẹ́ ni mo ṣe ń pè é lọ́gàá. Ìwọ lojú mi. Àṣìṣe kan ò tíì bọ́ mọ́ ọ lójú rí látìgbà tó o ti ń bá mi ṣiṣẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tí Àkọ́bí ti ń retí láti kékeré nìyẹn. Ọwọ́ Bàbá ti kan bíréékà.

“Ẹ má tàn án! Wáyà ilẹ̀ yẹn kéré. 1.43 ni.”

Àbúrò rẹ̀ yíjú sí ògiri, ó tún yíjú sí i. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ wò ó lánàá. Ṣé ẹ ò rí i ni?”

Irọ́ wà níbẹ̀ tó lè pa. Ó lè ní ojú òun ló fò ó. Ṣùgbọ́n Bàbá ń wò ó.

“Mo rí i.”

Bàbá gbọ́wọ́ kúrò lára bíréékà, kò sì bínú. Ìyá wọn ló jáde wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọmọ mi,” ló wí, “ṣebí o mọ̀ pé èmi ni mo fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀?”