Ẹni Tó Kan Ọkọ̀ Ló Ń Kọ́kọ́ Wọ̀ Ọ́

Bí ẹ bá rí Ìyá Èrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ó rò pé iná ń jó o lábẹ́ ẹsẹ̀ ni. Ó tò sórí ìlà níwájú ìpàtẹ ọkọ̀ ojú omi, ó jáde, ó tún padà. Ó fọwọ́ kan káàdì ìwọlé tó fi kọ́rùn, ó fọwọ́ kan báàgì, ó wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ọ̀hún sì rèé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró síbẹ̀ jẹ́jẹ́, tó ń wo òrùlé gbọ̀ngàn.

"Dúró sójú kan," ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé èèrà ń ta ọ́ ni?"

"Kò sí nǹkan kan, Bọ̀dá mi."

Irọ́ gbuu! Nǹkan wà. Ìyá Èrò ló ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò ládùúgbò wọn, àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sì kan gbogbo ọkọ̀ tó ti tù láyé. Akànmájò ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí ọkọ̀ tó bá kàn kì í jò. Àmọ́ èyí tó kàn kẹ́yìn ń jò. Kí ẹnikẹ́ni tó dé etí odò láàárọ̀, Ìyá Èrò á ti gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, á fi àkísà nu ìsàlẹ̀, á wá ṣojú fúrú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Èrò ń pọ̀ sí i, omi náà ń pọ̀ sí i. Ó ti pinnu pé ọkọ̀ tí ẹlòmíì ṣe lòun máa rà níbi ìpàtẹ yìí. Ṣùgbọ́n ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi sọ ìyẹn fún Akànmájò? Ó kàn ní kí àwọn lọ fún ojú lóúnjẹ ni.

Wọ́n wọlé. Yéè! Ọkọ̀ lọ́tùn-ún, ọkọ̀ lósì, gbogbo wọn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ga ju ilé alájà méjì lọ. Orin ń dún níhìn-ín, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo lọ́hùn-ún, oríṣiríṣi èdè ń ró léra wọn. Nísàlẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni agbọ̀n kan wà tí wọ́n ń kó bàtà sí, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà gòkè. Bàtà olówó àti bàtà mẹ̀kúnnù wá ń sùn lórí ara wọn. Tọmọdé tàgbà ń fi ẹsẹ̀ lásán gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn méjèèjì yìí ò gòkè o. Òfin kan wà nínú ìdílé wọn. Ẹni tó kan ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀. Bí kò bá tíì jókòó kó sì ní "Wọlé," kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ sí i, ọba ì báà ṣe. Bàbá wọn máa ń sọ pé bí omi bá máa pa ẹnì kan, kó kọ́kọ́ pa ẹni tó kan ọkọ̀. Àwọn tó kan ti ibí yìí wá ńkọ́? Wọ́n wà lókè òkun, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé Ìyá Èrò wà láyé.

"Ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ gòkè wá, Mà," ni àwọn olùtajà ń wí. Ìyá Èrò á bọ́ ẹsẹ̀ kan, á wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sì wọ̀ ọ́ padà. Ó ń bọ́ ọ, ó ń wọ̀ ọ́, àfi bíi pé bàtà ló wá rà.

Akànmájò ní tiẹ̀ kò dúró. Ó ń ti ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fi oríkèé ìka lu ara wọn, kó, kó, kó, á sì gbé etí lé e. Bó ṣe máa ń dán igi wò nìyẹn, torí igi tó bá ti ń jẹrà nínú, ohùn rẹ̀ yàtọ̀.

"Bàbá, ẹ yé kanlẹ̀kùn," ọkùnrin sikiọ́rítì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan nílé."

Akànmájò ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní kí àbúrò òun náà lù ú. "Kí lo gbọ́?"

"Ó ń dún bí agolo."

"Hùn-ún. Ariwo ibí yìí ti pọ̀ jù." Ó tún ti lọ.

Bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn títí wọ́n fi bọ́ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀ lórí omi. Ibẹ̀ ni Ìyá Èrò ti rí i. Ọkọ̀ funfun, ó fẹ̀, ó ní òrùlé, ó ní bẹ́ǹṣì fún èrò, jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sì wà lábẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó padà, ó tún gélè ṣe, ó tún kọjá. Ó rántí àwọn ọmọ ilé ìwé tó máa ń káṣọ sókè kí omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ má bàa rin ín.

Akànmájò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Kó, kó, kó. "Kí lo gbọ́?"

Inú bí Ìyá Èrò wàyí. "Bọ̀dá mi, kò sáriwo níbí o! Ẹ̀yin náà ẹ tẹ́tí."

Ẹ̀gbọ́n tún lù ú, ó gbé etí lé e, ó pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àbúrò rẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yẹn ló yé Ìyá Èrò. Látàárọ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ni ọkùnrin yìí ń gbọ́, ojú òun ló ń kà.

"Láti ìgbà wo letí yín ò ti gbọ́ mọ́?"

"Kí n tó kan èyí tó ò ń tù," ẹ̀gbọ́n wí. "Bí mo bá ń wo ẹnu èèyàn, mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n igi ò ní ẹnu. Ojú ni mo fi díwọ̀n rẹ̀. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo ní kó o wọlé, mi ò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ó ń jò, àbí?"

Ìyá Èrò kọjú sí i dáadáa, kó lè rí ẹnu òun. "Ó ń jò, Bọ̀dá mi."

"Mo mọ̀. Igbá tó o fi ń gbọ́nmi kì í gbẹ."

"Ẹ wá ń wò mí níran! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó dun Ìyá Èrò wọra, kò sì mọ èyí tó dùn ún jù, etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àbí gbogbo àárọ̀ tí àwọn méjèèjì fi ń tan ara wọn.

Olùtajà dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ wọlé, Mà." Ìyá Èrò bọ́ ẹsẹ̀ kan, ó dúró.

Akànmájò jókòó sílẹ̀ létí omi, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó kó o sínú agbọ̀n. Ó di irin mú, ó wọ inú ọkọ̀ tí kì í ṣe òun ló kàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi máa ń kọ́kọ́ wọ́ jọ sí, ó jókòó síbẹ̀.

"Ìjókòó tó tura wà níwájú, Bàbá," olùtajà wí.

Ẹnu rẹ̀ kọ́ ni Akànmájò ń wò. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, omi ru, ọkọ̀ funfun náà mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì. Akànmájò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó dúró dìgbà tí ìrúkèrúdò náà lọ sílẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó wò ó, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbẹ.

"Wọlé," ó wí.

Ìyá Èrò bọ́ bàtà kejì.