Ọ̀nà Tí Mo Ká Bí Ẹní

Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá yìí fún yín kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni mo wà, mo ti di dráífà, ìyẹn ètò tó ń ṣe agbẹnusọ fún dísìkì kan ṣoṣo. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Kánẹ́ẹ̀lì, olórí gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà, ló ń ṣọ́ ọ̀nà tí gbogbo àwa dráífà ń gbà ránṣẹ́. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé, "Tìrẹ ni kó o sọ bí dísìkì rẹ ṣe lè sáré tó. Bí ọ̀nà bá dí, pè mí. Èmi nìkan ni mo ń ká a, tí mo sì ń tún un tẹ́."

Dísìkì mi kàn dákẹ́ lójijì. Mi ò pe Bàbá. Kí dísìkì mi lè jí, mo ká gbogbo ọ̀nà bí ẹní, mo gbé e lé èjìká, àṣé ìyá tó ń ṣe agbẹnusọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nínú rẹ̀, tòun ti èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ó ń jà fitafita.

"Ta ni aláìmòye tó ká mi mọ́ ẹnu iṣẹ́? Èsì ọmọ ọlọ́mọ ń rún o!"

Bàbá dé. Mo lè ní mi ò mọ̀, àmọ́ ẹnu mi ti jẹ́wọ́: "Èmi ni, Bàbá. Dísìkì tèmi nìkan ni mo rò."

Kò nà mí. Ó gba ẹní náà, ó tú u díẹ̀díẹ̀. Ìyá bọ́ sílẹ̀, ó yẹ ìwé rẹ̀ wò.

"Wọ́n pé. Orí ẹ ló yọ ẹ́, ọmọ yìí!"

Ara mi fúyẹ́ bí òwú. Bàbá tún ọ̀nà tẹ́, ó wá yíjú sí mi: "Ó dáa, báwo ni dísìkì rẹ ṣe lè sáré tó?"

Mo lanu kí n dáhùn, mo sì jí.