Wàláà Ìyá Mànsúrà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan, kó sọ fún mi pé n kò lè ṣe é. Ohun tí Bàbá Hámzà ṣe gan-an nìyẹn, kò sì mọ̀. Ó wá sí ìsọ̀ tí mo ti ń ṣe káàdì ní àdúgbò Krofrom lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó, ó yẹ àwọn káàdì tí mo tò sórí pẹpẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ràhmà, fi eré ọmọdé yìí sílẹ̀ jàre," ó ní. "Wòlímọ̀ àgbàlagbà là ń ṣe. Mo ti bá àwọn atẹ̀wé kan sọ̀rọ̀ ní Santasi. Wọ́n á tẹ káàdì tó ń dán, wọ́n á fi fọ́tò mi síwájú rẹ̀, èmi olórí ẹbí."

Fọ́tò rẹ̀! Ìyá àgbà mi ló ka Kùránì parí, fọ́tò àbúrò rẹ̀ ni ká máa pín fún àlejò. Mo gbé ìbínú mi mì. "Bàbá, ẹ fún mi di ọjọ́ Sátidé tí wòlímọ̀ bọ́ sí," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó ní ìwé lásán ò lè di nǹkan gidi lọ́wọ́ mi, pé kí n má dójú ti ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Mànsúrà jẹ́. Òun ló bí ìyá mi, ó sì pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin lọ́dún yìí. Àdúgbò Aboabo níbí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá. Bàbá yẹn ní ilé kéwú nínú àgbàlá rẹ̀, gbogbo ọmọkùnrin ilé ló sì ní wàláà, pákó pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́ lókè, tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú. Ìyá kò ní. Obìnrin ni, ọjà ni wọ́n ń rán an. Iṣẹ́ tó wà fún un nínú ilé kéwú náà kò ju pé kó máa fọ wàláà àwọn tó ní lọ, Hámzà àbúrò rẹ̀ sì wà nínú wọn. Bí ọmọ bá ti mọ ẹsẹ tó kọ sójú pákó, Ìyá á gbà á, á fi omi àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun, á sì da omi rẹ̀ sídìí ògiri níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè dé. Ohun kan ni wọ́n kìlọ̀ fún un gidigidi: omi kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ wàláà, níbi tí wọ́n fi tàdáwà kọ orúkọ ọmọ tó ni ín sí. Bàbá rẹ̀ a máa ní, "Ẹ̀kọ́ ti wọ orí ọmọ, a lè fọ̀ ọ́. Orúkọ la kì í fọ̀."

Ìyá ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin kó tó rí àyè bẹ̀rẹ̀ kéwú lọ́dọ̀ Àáfáà Jùnáídù, ọmọkùnrin tó lè bí. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ, nínú ìwé, nítorí Àáfáà kì í fún àwọn àgbàlagbà ní pákó. Lọ́jọ́ tó parí, mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n ṣe fún un. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mo ti fọ wàláà tó pọ̀ láyé yìí, Ràhmà," ó ní. "N kò ní ọ̀kan rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé wàláà ni gbogbo àlejò yóò mú lọ sílé lọ́jọ́ wòlímọ̀ Ìyá. Ogójì káàdì, tí ó rí bíi wàláà látòkè délẹ̀, tí yóò ṣeé ṣí, tí yóò ga lọ́wọ́. Àwòrán wàláà lórí bébà onígun mẹ́rin kò tó mi.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé káàdì kò ju páálí bàtà lọ, ọwọ́ la sì fi ń yí i. Ohun tó ń gé bébà níbẹ̀ là ń pè ní dáì: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí etí rẹ̀ mú bí abẹ, tí wọ́n ká bí ohun tí èèyàn fẹ́ gé ṣe rí, tí wọ́n sì kàn mọ́ pákó. Wàá gbé bébà lé e, wàá tì í sáàárín irin róbótó méjì, wàá yí ọwọ́ ẹ̀rọ, bébà á sì jáde bí dáì ṣe rí. Dáì òdòdó wà lọ́jà, dáì labalábá wà. Ta ni yóò ṣe dáì wàláà? Mo yá wàláà àtijọ́ kan lọ́wọ́ Àáfáà, mo wọ trotro, ọkọ̀ èrò, lọ sí Suame Magazine níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ pọ̀ sí, mo gbé e síwájú Kojo tó ń rọ irin.

Kojo yí pákó náà síwá sẹ́yìn. "Sista Rahma, this one dier, e hard oo," ó ní. "The hand small too much, the iron go break."

"Kojo, mepa wo kyɛw, bɔ mmɔden," ni mo fi Twi bẹ̀ ẹ́ pé kó gbìyànjú, mo sì fa àpótí kan, mo jókòó. Ìgbà mẹ́ta ni irin náà ṣẹ́ níbi ọrùn ọwọ́ wàláà. N kò dìde. Nígbà kẹrin ó dúró. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ní dáì mẹ́ta, ńlá, àárín àti kékeré, tí wọ́n wọnú ara wọn bí abọ́.

Bébà líle tó ní àwọ̀ igi ni mo fi dáì ńlá gé, tí mo ti kọ́kọ́ ṣẹ́ po kí káàdì lè ṣeé ṣí. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní méjì gbáko, nítorí mo gbé ojú ìṣẹ́po rẹ̀ sábẹ́ abẹ. Mo kọ́ ọgbọ́n: ibi tí bébà ti ṣẹ́ po gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ kọjá etí dáì, kó má baà gé e já. Mo fi dáì àárín gé bébà aláwọ̀ wúrà, mo fi kékeré gé funfun, mo fi fóòmù elégọ́ọ̀mù sáàárín wọn kí wọ́n lè gun orí ara wọn. Nígbà tí mo gbé èyí àkọ́kọ́ tó pé dání, mo pariwo nínú ìsọ̀ lémi nìkan.

Ṣùgbọ́n ojú funfun yẹn ṣófo lójú mi. Èmi tí n kì í mọ ibi tí wọ́n ń dúró, mo ní dáì kan tó ń gé "Ìkírá" ní lẹ́tà Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú Kùránì: Kà á. Mo fi í lu ojú funfun náà já kí wúrà abẹ́ rẹ̀ lè yọ. Ó dára títí! Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti gé ọgbọ̀n ojú. Mo gba ilẹ̀, mo kó gbogbo àjẹkù bébà sínú àpò kan tí mo fi okùn pupa so, mo gbé e síta fún àwọn oníbọ́lá.

Lẹ́yìn ìrun Àílà ni Àáfáà Jùnáídù yà láti wá wo iṣẹ́. Ó gbé káàdì kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màṣá Ọláhù." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó ṣa nǹkan kan lábẹ́ pẹpẹ. Alífù kan ni, ọ̀kan nínú lẹ́tà "Ìkírá", funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju èékánná lọ.

"Ràhmà, àwọn yòókù dà?"

"Àwọn wo, Àáfáà?"

"Lẹ́tà tó bọ́ lára àwọn bébà yìí."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Àpò náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àáfáà kò jágbe mọ́ mi, ì bá sàn kó jágbe. "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lo gé jáde, o sì gbá a mọ́ ìdọ̀tí," ó ní. "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. N kò lè jẹ́ kí káàdì yìí wọ ibi wòlímọ̀. Kí n sọ fún Alhaji Hámzà pé kó pe àwọn ará Santasi?"

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ó wá sí mi lẹ́nu láti sọ pé bébà lásán ni. Àfi bí mo ṣe rántí ìdí ògiri tí ọmọbìnrin kékeré kan ń da omi wàláà sí, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá kó ọ̀rọ̀ kan náà fún oníbọ́lá. Ojú tì mí gidi.

"Àáfáà, ẹ má tíì pè wọ́n," ni mo wí. "Ẹ fún mi di ọ̀la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀." Mo kó àwọn ojú tí mo ti lu já àti káàdì kan tí ojú rẹ̀ ṣì ṣófo sínú báàgì, mo ti ìsọ̀, mo sáré.

Àbóbòyá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ìdọ̀tí, ni mo lé bá níbi àgbá ńlá tí wọ́n ń da bọ́lá sí. Àpò tèmi ló kù kí awakọ̀ rẹ̀ sọ sínú àgbá. Mo di okùn pupa náà mú.

"Ah, sista, woreyɛ dɛn?" ni onítọ̀hún ké, ó ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe. "Gold dey inside?"

"Ó ju wúrà lọ," mo ní, mo gbé àpò bọ́lá lérí nínú ọ̀sán gangan, mo gba àárín èrò lọ sí Aboabo.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Mànsúrà láìfi ọ̀kan pamọ́, mo sì ń retí èébú. Kò bú mi. Ó wọ awò rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó ní, "Tú u síbẹ̀." A jókòó, a ń ṣà. Ègé mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ sí, ọgbọ̀n ìgbà. Àádọ́rùn-ún ègé ló yẹ ká rí. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Nígbà tí a rí mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, mo dojú àpò délẹ̀, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí. Àfi ìgbà tí mo rántí alífù tó wà lọ́wọ́ Àáfáà. Ìyá rẹ́rìn-ín títí awò fi yẹ̀ lójú rẹ̀.

Ó kó wọn sínú omi, pẹ̀lú àwọn ojú funfun tí mo ti lu já, ó fi ọwọ́ pò wọ́n títí kò fi sí lẹ́tà kan tí ojú lè dá mọ̀. Ọwọ́ yẹn kò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó da omi náà sídìí ògiri. Lẹ́yìn náà ló mú káàdì kan tí mo ti ṣe ṣáájú, èyí tí ojú rẹ̀ ṣófo.

"Kí lo tún ń wá kọ sójú èyí?" ó ní. "Wàláà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti parí, ṣebí fífọ̀ la fọ̀ ọ́?" Ó gbé ìka lé ọwọ́ káàdì náà. "Ibí ló ṣófo."

Mo gba káàdì náà, mo wo ọwọ́ rẹ̀.

"Lọ gé ogójì ojú wá," ó ní. "Mo lè kọ orúkọ mi."

Láti òwúrọ̀ Jímọ̀ ni mo ti ń yí ẹ̀rọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò, mo fi aṣọ dì í, mo ń yí i lọ. Ìyá jókòó tì mí nínú ìsọ̀ pẹ̀lú kàlámù àti tàdáwà. Tàdáwà ṣàn lára èyí àkọ́kọ́. Mo ní kó má ṣèyọnu, pé kò hàn. "Ó hàn sí mi. Gé òmíràn," ó ní. Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí mo ti jogún orí kunkun. Nígbà tí Àáfáà dé láti mọ́ṣáláṣí, ó rí ogójì wàláà tí ojú wọn mọ́, tí orúkọ ẹnì kan sì wà lọ́wọ́ wọn. Ó ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀kan nísinsìnyí," ó ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Mànsúrà ka súrà tó kẹ́yìn nínú Kùránì láì ṣi ọ̀rọ̀ kan, gbogbo àgbàlá sì gba "Àmín". Mo ń pín káàdì kiri. Bàbá Hámzà wà níwájú, ó na ọwọ́ kan, ó gba tirẹ̀ láìwò mí. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó fi ìka tọ́ etí wúrà rẹ̀, ó wá rí àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wàláà náà.

"Ẹ̀rọ wo ló tẹ èyí?" ó ní. Ó fi ahọ́n lá àtàǹpàkò rẹ̀, ó fẹ́ fi omi itọ́ ra orúkọ náà wò bóyá yóò parẹ́.

Ìyá, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Hámzà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fọ tìrẹ. N kò jẹ́ kí omi kan orúkọ rẹ lọ́jọ́ kan."

Bàbá Hámzà wo orúkọ náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ agbádá. Lẹ́yìn náà ló dá káàdì náà padà sọ́wọ́ mi. Mo tún nà án sí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.