Yàrá Òkè ní Ìdíkọ̀ Rélùwéè

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba ìlú náà kọjá, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Òkè. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá ìdíkọ̀ rélùwéè, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìdíkọ̀ náà sì ni wọ́n ń gbé. Nísàlẹ̀, èrò ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń du àyè, ọmọ ń ké. Lókè, Ìyá Òkè ń dáná. Bí ọkọ̀ bá ti ń wọlé bọ̀, pákó ilẹ̀ yàrá á máa gbọ̀n, ife á máa kan ife lórí tábìlì, òun á sì na ọwọ́ kan di ìkòkò mú láìwo ibẹ̀. Bí àlejò bá ta gìrì, á ní, “Ẹ jókòó jàre, ọkọ mi ló ń gbàlejò nísàlẹ̀.”

Ó bí ọmọ méjì sínú yàrá òkè yẹn. Ọkùnrin ni àkọ́bí, òun ló wá kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n fi ń pè é ní Oníná. Obìnrin ni ìkejì, ó di télọ̀, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ariwo ọkọ̀ ni wọ́n fi rẹ àwọn méjèèjì sùn látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọwọ́.

Nígbà tí ìjọba dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọ̀gá ìdíkọ̀ gbà wọ́n gbọ́. Ó ń wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, ó ń gbá pèpéle tí èrò kankan ò tẹ̀ mọ́, ó ń nu agogo tí wọ́n ń lù fún ọkọ̀ títí tó fi ń dán bíi dígí. Lókè, ìdákẹ́jẹ́ ò jẹ́ kí ìyàwó àtàwọn ọmọ rí oorun sùn. Ó ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ọkọ̀ ẹrù wá láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Wọ́n ní kí ìdílé ọ̀gá ìdíkọ̀ kó jáde. Wọ́n to bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti àpótí sórí pèpéle, òjò sì ń pa gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ìdíkọ̀ wá jókòó lórí àpótí kan láìdé fìlà, ẹrẹ̀ kún àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó ní ẹsẹ̀ ló yọ òun.

Kò pé ọdún tó fi kú, nínú yàrá ilẹ̀ kan tí wọ́n gbà lẹ́yìn ilé onílé. Dókítà ò rí àìsàn kan pàtó tọ́ka sí. Ìyá Òkè ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó pa á. Ó kàn di pé kò gba ọ̀nà ìdíkọ̀ mọ́. Bó bá ń lọ kí èèyàn, á yí gba ẹ̀yìn ilé ìwé, á gba ẹ̀gbẹ́ odò, á dé ibi tó ń lọ pẹ̀lú òógùn lójú. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní, “Ẹsẹ̀ mi ò mọ ibẹ̀ mọ́.”

Ilé náà wà lófo fún ọdún gbọọrọ. Ewúrẹ́ ń bímọ síbẹ̀, ẹyẹ ń yé sábẹ́ òrùlé. Nígbà tó yá, ìjọba tún un ṣe, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sọ ọ́ di ọsibítù. Fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì di ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Gbọ̀ngàn tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀, ibẹ̀ ni aláìsàn ti ń dúró de dókítà, lórí bẹ́ǹṣì àtijọ́ kan náà. Yàrá òkè ńkọ́? Wọ́n wó ògiri àárín rẹ̀, wọ́n to bẹ́ẹ̀dì sí i, ó di wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Wọ́n pe Oníná pé kó wá fa wáyà síbẹ̀, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù yẹn.

Aṣọ ni Ìyá Òkè ń sá lọ́jọ́ tí àìsàn gbé e ṣánlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé nígbà náà. Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé, ó gbọ́ tí bàsíà ṣubú, ó ní, “Màámi, ẹ rọra o.” Kò gbọ́ èsì. Ìgbà tó jáde, ìyá rẹ̀ ti nà gbalaja sílẹ̀, aṣọ tútù bò ó láyà, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi igbe ta. Aládùúgbò kan tó ní mọ́tò sáré jáde. Oníná náà dé bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá sẹ́yìn ọkọ̀.

“Ẹ má gbé e lọ sí ìdíkọ̀ o,” ni Oníná wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù ńlá.”

Aládùúgbò náà ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. “Ọsibítù ńlá jìnnà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì lèyí. Wọlé, tàbí kó o kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.”

Ó wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé géètì ọsibítù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì tó gbé ìyá gun àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn àtijọ́ náà ni. Ẹsẹ̀ Télọ̀ ṣì mọ pákó tó máa ń dún kíkankíkan, ó fò ó láìtiẹ̀ rò ó.

Ìyá sùn lọ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó sì tún mọ́. Nígbà tó lajú, fèrèsé ló kọ́kọ́ wò. Ó wò ó pẹ́. Ó wo àjà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ojú rẹ̀ wọ etí rẹ̀.

“Ta ló gbé mi padà wá sílé?” Ọ̀rọ̀ náà ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Màámi, ọsibítù la wà.”

“Mo mọ̀. Mo ní, ta ló gbé mi padà wá sílé?”

Bí ara rẹ̀ ṣe ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí onílé. Á ní kí àwọn nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, dókítà dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ lápá, ìyá ní, “Dókítà, orí ààrò mi lẹ dúró lé yẹn o.”

Dókítà fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. “Ẹ má bínú, Màmá. Kí lẹ gbé kaná?”

“Omi ni. Ẹ ṣáà kúrò níbẹ̀ kó tó hó.”

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Òun ló rẹ́rìn-ín jù, títí ikọ́ fi gbé e. Ìyá yíjú sí i. “Ẹ̀yin náà, àyè tí ọkọ mi ti ń jẹun lẹ sùn sí yẹn. Ẹ má jẹ́ kó wá máa ṣe yín bíi pé ẹ ti di bàbá àwọn ọmọ mi.”

Nọ́ọ̀sì Àgbà tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù pe Télọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó má mikàn, pé àìsàn rọpárọsẹ̀ máa ń da iyè èèyàn rú bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa bá a ṣeré onílé náà. Télọ̀ gbà. Nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń nu ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ìyá bi í pé, “Bàbá yín ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì gòkè?”

Télọ̀ ní, “Wọ́n ṣì wà nísàlẹ̀, Màámi.”

Ìyá wò ó tàánútàánú. “Ọmọ mi, má parọ́ fún mi. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ó kàn ń ṣe mí bíi kí n tún béèrè rẹ̀ nínú yàrá yìí lẹ́ẹ̀kan sí i ni.”

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Télọ̀. Kò bá a ṣeré onílé mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ìyá bá sọ̀rọ̀ ààrò, òun náà á sọ èyí tó rántí nípa ààrò, tẹkún tẹ̀rín.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹnu géètì ni Oníná ń gbé oúnjẹ dúró sí lójoojúmọ́, á ní kí nọ́ọ̀sì tó bá ń kọjá bá òun gbé e gòkè. Ó ṣe títí, Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá bá a fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Bọ̀dá, ṣé èmi lẹ gbà lọ́mọ ọ̀dọ̀ ni? Ìyá yín ló wà lókè, kì í ṣe ẹkùn.”

Ojú ti Oníná. Ó tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ bí ẹni tó ṣìnà.

“Wọlé,” ni ìyá wí. “Àbí èèyàn ń kanlẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ ni?”

Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò wo fèrèsé. Ìyá bi í pé, “Kí ni ilé yìí fi ṣe ọ́?”

Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé àbúrò rẹ̀ ní láti tẹ̀ síwájú.

“Màámi, mi ò sọ ọ́ fún yín rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lé wa, ẹ ní kí n lọ pe Bàámi wá. Mo bá wọn lẹ́yìn ọ́fíìsì. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, Màámi. Nínú ẹrẹ̀. Fún ọmọ kékeré kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tó mú agbòjò lọ́wọ́, ọmọ tí wọ́n bí tó. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká dúró kí òjò dá. Ọmọ náà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Mo sá. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, mo sá.”

Ìyá gbé ọwọ́ tó ṣì lágbára lé e lórí.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Fèrèsé yìí ni mo wà. Mo rí bàbá rẹ, mo sì rí ìwọ náà lẹ́yìn ògiri, tó o fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, o máa gbàgbé.”

“Èmi náà rò pé ẹ ò mọ̀ ni. Mo ní kò gbọdọ̀ ti ẹnu mi dé etí yín.”

Àṣé gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà, kálukú ń fi nǹkan kan náà pamọ́ fún ẹnì kejì. Oníná sunkún bí ọmọdé, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Télọ̀, tí kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà títí di wákàtí yẹn, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sunkún fún. Tíṣà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú sí ògiri kí wọ́n lè ráyè.

Láti ìgbà náà, Oníná ń gòkè wá lójoojúmọ́. Ara ìyá ń yá. Ó ń jókòó fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní Màmá lè máa lọ sílé lọ́la.

Ojú ìyá yí padà. “Wọ́n tún ti ní kí n kó jáde?”

“Rárá, mà,” ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí. “Ara yín ti yá ni.”

“Bí ara èèyàn bá ti yá, ṣé kí wọ́n lé e kúrò nílé rẹ̀ ni? Kí ni mo ṣe?”

Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ti ń gbéra tẹ́lẹ̀ kò dìde mọ́. Ó ní ọwọ́ náà ti kú. Dókítà wò ó, kò rí ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì Àgbà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó bá a tó ń fi ọwọ́ òsì náà gan-an ya irun. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ìyá rọra gbé òòyà kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà ò sọ fún dókítà. Ó mú òòyà, ó bá a ya èyí tó kù, ó sì jáde lọ sí kọ̀rọ̀ lọ nu ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ò tó, aláìsàn mìíràn ti wà nísàlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ kejì, Oníná pọn ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ní kó gbé òun dé pèpéle. Ó dúró níbẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ mú. Irin ojú ọ̀nà rélùwéè ti kúrò nílẹ̀. Mọ́tò àwọn dókítà ló tò sí ojú ibẹ̀. Ó wò yíká, ó ní, “Ṣé wọ́n tiẹ̀ hú gbogbo rẹ̀ ni?” Oníná bá gbé e lọ sílé.

Ó lo oṣù díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ Télọ̀. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní ariwo rẹ̀ ń jẹ́ kí òun sùn. Nígbà tí àárẹ̀ tún dé, tí Oníná ti lọ pe mọ́tò, ìyá fa Télọ̀ láṣọ.

“Ẹ má gbé mi lọ síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó mi jáde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè fara da ẹ̀ẹ̀kẹta.”

“Màámi, ẹ ṣàánú wa.”

“Ẹ̀yin lẹ máa ṣàánú mi.”

Wọn ò gbé e lọ. Dókítà ló ń wá sílé, Nọ́ọ̀sì Àgbà sì ń tẹ̀ lé e nígbà tó bá ráyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Télọ̀ ń rán aṣọ lọ́wọ́, ó dúró kó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó wo ẹ̀yìn láti bi ìyá rẹ̀ bóyá ó fẹ́ mu omi. Ìyá ti lọ.

Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé náà ṣófo gan-an. Télọ̀ ò lè ránṣọ fún ọjọ́ pípẹ́, Oníná á sì máa wá jókòó tì í.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni iná bàjẹ́ ní wọ́ọ̀dù òkè. Nọ́ọ̀sì Àgbà ránṣẹ́ sí Oníná. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ó tún iná náà ṣe, ìrọ̀lẹ́ ló kúrò níbẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó wẹ ọwọ́, ó jókòó sídìí oúnjẹ.

“Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe bá yàrá náà?”

“Ó kún,” ló wí. “Gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló léèyàn.”

Ó jẹun díẹ̀, ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sùn lọ níbẹ̀ lórí àga.