Fóònù Mẹ́rin Nínú Ọgọ́rùn-ún

"Mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún!" Ọ̀gá na ìka sí ìṣirò tó wà lára ògiri. "Ṣé nítorí fóònù mẹ́rin la ó ṣe máa pọnmi sínú agbọ̀n?"

Áàpù ilé-iṣẹ́ wọn ni àwọn agbẹ̀bí fi ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn aboyún. Ọ̀gá fẹ́ kí ó ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí àwọn fóònù àtijọ́ wọ̀nyí láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ó ku kí ó buwọ́ lùwé.

"Ọwọ́ méjì péré ni mo ní," ni Oníkíá wí, ọmọbìnrin tó ń kọ áàpù náà. "Ohun tuntun tí mo bá ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń ṣe é nítorí àwọn arúgbó fóònù yìí."

"Kí ni arúgbó ṣe fún ọ?" ni Bàbá Aláyẹ̀wò bi í. Òun ló ń dán gbogbo iṣẹ́ wọn wò kí ó tó jáde. Òun náà ló sì dàgbà jù níbẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, kí la kà?"

"Fóònù ni, Bàbá."

"Èèyàn ńkọ́?"

"Ṣebí fóònù kan, èèyàn kan ni?"

Agbẹ̀bí ni ìyàwó Bàbá kí ó tó kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, fóònù kan ṣoṣo tó ti sán lójú ni agbẹ̀bí méje jọ ń lò. Bàbá kò sọ èyí. Wọn ì bá ní ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

"Aboyún kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà káàdì tirẹ̀," ló wí. "Oníkíá, bá mi ka káàdì. Má ka fóònù."

Ọmọbìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un tẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Bàbá, nínú aboyún mẹ́ta, ọ̀kan wà lórí àwọn fóònù yìí."

Ọ̀gá jókòó.

"Áà! Ìkòkò là ń kà látàárọ̀, a ò ka ẹnu tó ń jẹ níbẹ̀," ni ó wí.

"Bàbá o! Ẹ ga jù!" Oníkíá pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbè é.

"Bàbá, ọdún mélòó lẹ fẹ́ kó fi ṣiṣẹ́ sí i lórí wọn?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Méjì. Kí a má fi ohun tuntun kún un. Kí ó ṣáà máa ṣiṣẹ́, kí olè má sì rí ọ̀nà wọlé jí àkọsílẹ̀. Kí a kọ ọjọ́ tí yóò parí sójú rẹ̀ láti òní. Ohun gbogbo ló lópin, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ fún èèyàn ṣáájú." Bàbá mu omi díẹ̀.

Ọ̀gá fa ìwé náà ya, ó kọ òmíràn, ó sì buwọ́ lù ú.

Bàbá bọ́ síta, ó pe olórí àwọn agbẹ̀bí ní wọ́ọ̀dù tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

"Fóònù yín kò ní ṣíwọ́ lọ́jọ́ Ajé o. Ẹ ní ọdún méjì."

"Ọdún méjì! Ẹ̀yin ará ibí, ẹ gbọ́ o!" Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá, èrò pọ̀ níwájú mi. Ẹ jẹ́ n dá wọn lóhùn."

Ó pa fóònù láìdúpẹ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó rẹ́rìn-ín.