Sárì Tí Kò Tíì Rìn Rí

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Ekambaram fi ń wé sárì, aṣọ àwọn obìnrin ilẹ̀ Íńdíà, mọ́ra níṣojú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó pè é ní wèrè rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ṣẹ́dà tó ti ń tajà ní Kanchipuram, bí oníbàárà bá ní òun ò mọ bí aṣọ yóò ṣe rí lára òun, Ekambaram á dìde tòun ti túbọ̀mu àti ikùn rẹ̀, á ju aṣọ yáàdì mẹ́fà náà sókè bí apẹja tó ń ju àwọ̀n, á ká a mọ́ ìbàdí, á ṣẹ́ iwájú rẹ̀ pọ̀ wẹ́wẹ́, á kì í bọ abẹ́ bẹ́líìtì ṣòkòtò rẹ̀, á sì gbé etí rẹ̀ olówùú wúrà kọ́ èjìká òsì. Á wá dúró níwájú dígí ńlá, á dorí kodò bí ìyàwó tójú ń tì. Kí o tó ka ọgbọ̀n, ó ti parí. Àwọn ìyá á pariwo pé, “Ó mà yẹ ọ́ o!” Wọ́n á sì ra méjì.

Nítorí náà, nígbà tí Sornam ìyàwó rẹ̀ sáré lé ọ̀bọ tó jí àgbọn rẹ̀ gbé, tó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n sì fi símẹ́ńtì funfun ti ilé ìwòsàn di apá ọ̀tún rẹ̀ gbagidi, Ekambaram nìkan lẹ́rù ò bà nínú ilé.

“Ta ni yóò wá wé sárì fún Malar lọ́jọ́ Ajé?” ni Sornam ń sunkún.

“Ìwọ obìnrin yìí! O wà nínú odò, ò ń wá omi kiri?”

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Malarvizhi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní kó wá kọ́ kíláàsì kan lójú ọ̀gá wọn. Bó bá dáa, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Obìnrin kì í wọ kíláàsì níbẹ̀ láìwé sárì. Ibẹ̀ gan-an lẹ́jọ́ wà, nítorí ọwọ́ òsì ni Malar ń lò. Nígbà tó wà ní kékeré, Sornam ti fi ìbáwí gba oúnjẹ lọ́wọ́ òsì náà, ṣùgbọ́n kálàmù kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí lọ. Èjìká òsì sì ni etí sárì máa ń gùn. Bí Malar bá ti nawọ́ sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó, ìborùn rẹ̀ á yọ̀ ṣọ̀rọ̀rọ̀ bí omi. Bí wọ́n bá fi píìnì gún un mọ́ èjìká, gbogbo aṣọ ni ọwọ́ á fà sókè títí yẹ̀rì á fi yọjú. Ilé ìwé méjì ló ti dán an wò báyìí. Ní méjèèjì, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ́ fi dàrú mọ́ ọn lórí.

“Ẹ̀kẹta rèé, Bàámi,” ló sọ. “Bó bá tún já kulẹ̀, mo ti jáwọ́ nínú iṣẹ́ tíṣà nìyẹn. Ẹ máa mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí n máa bá yín ká aṣọ.”

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́. Malar dúró láàárín yàrá pẹ̀lú bùbá pénpé àti yẹ̀rì, ó gbójú sókè àjà, ó ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí: “Ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá méjì nínú mẹ́rin…” Ekambaram ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ó ju aṣọ, ó ká a, ó ṣẹ́ ẹ, ó kì í, ó gbé e kọ́. Fìn-ín! Ó fà sẹ́yìn, ó káwọ́ láyà.

“Ìyá Malar, wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ẹ. Ọmọ mi, rìn ká rí ọ.”

Malar gbẹ́sẹ̀ kan: ìṣẹ́po iwájú tú. Ó gbé ìkejì: èyí tó kù tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa gbé ìkẹta, yẹ̀rì ló kù lára rẹ̀, sárì sì ti ká mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀.

Malar fa ẹsẹ̀ yọ nínú aṣọ náà.

“Bàbá Malar,” ni Sornam sọ látorí ibùsùn, ohùn rẹ̀ tútù bí omi àmù, “sárì tẹ́ ẹ ti wé láti ọgbọ̀n ọdún, èwo nínú wọn ló ti rìn rí?”

Ekambaram bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa sárì nílẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ò rìn rí! Wọ́n á dúró níwájú dígí, wọ́n á gba ìyìn, wọ́n á padà sínú páálí. Bẹ́líìtì ló sì ń gbé gbogbo wọn dúró.

“Ó dáa, ẹ jẹ́ n mú bẹ́líìtì mi wá…”

“Bàámi! Ṣé màlúù ni mí?”

“Ẹ gbé bẹ́líìtì jù síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi,” ni Sornam pàṣẹ. “Okùn yẹ̀rì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà le. Le! Òun ni ìpìlẹ̀. Malar, mí sínú. Ẹ wá ki etí aṣọ bọ inú yẹ̀rì yí i po. Ẹ jẹ́ kó gùn dé gìgísẹ̀, àbí ó fẹ́ lọ gbin ìrẹsì ni? Ó yá, ìṣẹ́po méje. Ẹ dúró, mẹ́jọ lẹ ṣẹ́ yẹn!”

“Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.”

“Ní ṣọ́ọ̀bù, kì í gbọ̀n.”

“Ní ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣọmọ mi ni.”

Sornam gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ẹ rọra. Ẹ fi píìnì gún ìṣẹ́po náà pọ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Ẹ wá kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ máa fà wọ́n nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè tò.”

Ekambaram kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ìgbà tó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, okùn bàtà ló ń bá ọmọ yìí so lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ sílé ìwé. Ó fa ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ó dìde, ó dojú kọ ọmọ rẹ̀, ó gbé ìborùn kọ́ èjìká, ó fi píìnì gún un.

Sornam wò ó. Ó lanu. Ó pa á dé. Ó mu kọfí rẹ̀ díẹ̀.

“Ó ti dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ máa lọ, ilẹ̀ ti mọ́ jù.”

Malar yọjú sí dígí kékeré ara ògiri: ó jọ ìyá rẹ̀ nínú fọ́tò ìgbéyàwó bí ẹni pé wọ́n ya á sílẹ̀. Ló bá fò gun ẹ̀yìn alùpùpù bàbá rẹ̀.

Ẹnu géètì ilé ìwé ni Ekambaram ti rí ohun tó rí. Ojú aláṣọ, ara aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń bà sí. Tíṣà aláṣọ pupa kọjá: èjìká òsì. Ti aláwọ̀ ewé: èjìká òsì. Ó bojú wo ọmọ tirẹ̀. Èjìká ọ̀tún! Láti ọgbọ̀n ọdún, òun àti ara rẹ̀ inú dígí ló ń dojú kọra. Ó dojú kọ Malar láàárọ̀, ó sì wé e fún un bí ẹni tó ń wo dígí: ọwọ́ òsì tirẹ̀, ọ̀tún ọmọ ló já sí.

“Malar, dúró! Mo wé e lódì!”

Malar wo èjìká rẹ̀. “Yéè! Bàámi, ẹ ti pa mí! Ẹ tú u!”

“Lẹ́nu géètì?”

Ibi tí wọ́n ti ń jà ni ọ̀gá ilé ìwé, Màdáámù Kirubavathi, ti yọ sí wọn tòun ti gíláàsì nímú. “Malarvizhi? Àwọn ọmọ ń dúró.” Malar bá tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà.

Ekambaram ò lè lọ sílé. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn igi dógóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó rí Malar tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó dijú, ó ń retí ẹ̀rín.

Kò gbọ́ ẹ̀rín. Kọ́, kọ́, kọ́ ti ṣọ́ọ̀kì ló ń gbọ́.

Ó la ojú kan. Ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀ ti dé òkè pátákó pátápátá, kò ru nǹkan kan, kò fa nǹkan kan. Ìborùn sùn jẹ́jẹ́ sí èjìká ọ̀tún bí ológbò tó yó. Malar ya àwòrán dósà kan roboto, àkàrà ìrẹsì tí gbogbo wọn ń jẹ láàárọ̀, ó pín in sí mẹ́rin, ó ní ta ni yóò jẹ ìdá mẹ́ta.

“Ẹ̀gbọ́n mi!” ni ọmọ kan kígbe. “Ó máa ń jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀!”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Malar náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ nǹkan lọ bí ẹni tó wà ní àgbàlá bàbá rẹ̀. Ekambaram fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní eruku ni.

Nígbà tó parí, Màdáámù ò lọ sí ọ́fíìsì. Ìdí igi ló ń bọ̀ tààrà.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn igi, ẹ jáde. Ta ló wé sárì yẹn?”

Ekambaram pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. “Màdáámù, ẹ má tìtorí ẹ̀ bínú sí ọmọ. Èmi ni. Dígí ló fà á.”

Màdáámù tẹjú mọ́ ọn. “Mo mọ túbọ̀mu yìí. Ẹ̀yin lẹ ta aṣọ àlùkò kan fún mi lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà.”

“Lọ́jọ́ náà, ó yẹ yín ju bó ṣe yẹ mí títí dòní. Inú ṣì ń bí mi.” Ó yọ gíláàsì. “Mo ti rí àwọn tíṣà tó jẹ́ pé ìborùn ni wọ́n ń tọ́jú, kì í ṣe ọmọ. Ọmọ tiyín, àwọn ọmọ ló ń tọ́jú. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bó ṣe wé e yẹn ni kó máa wé e.”

Ekambaram kó ìròyìn délé bí ẹni tó kó ìkógun. Sornam rẹ́rìn-ín títí símẹ́ńtì apá rẹ̀ fi ń mì.

“Mo ti rí i kẹ́ ẹ tó gún píìnì.”

“O rí i? O sì dákẹ́?”

“Mo ti ń wé e fún un bí gbogbo ayé ṣe ń wé e, ẹkún ló ń sun wá sílé. Mo ní ẹ jẹ́ ká wo tàṣìṣe.”

“Bó bá wá já kulẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀yin ni ǹ bá dá lẹ́bi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ekambaram ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó fara balẹ̀, ó fi gbogbo làákàyè rẹ̀ wé e: okùn le, ìṣẹ́po pé méje. Ó fà sẹ́yìn. Ìborùn gun èjìká òsì rẹ́gí.

“Bàámi!” ni Malar kígbe. “Ẹ ti wé e dáadáa jù! Ẹ tú u, ẹ bà á jẹ́ padà!”

Ekambaram mí kanlẹ̀, ó ní kí ọmọ máa ṣe dígí fún òun, ó sì tún kúnlẹ̀.