Òpó Mẹ́fà Níwájú Ilé Ìgbẹ̀bí

“Pa á rẹ́,” ni ọ̀gá wí, ó sì fi ìka lé ibi tí ó fẹ́ kí ó pa rẹ́ gan-an.

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọn yóò máa ti aláìsàn gbà wọ ilé ìgbẹ̀bí tuntun ni. Rúlà ti yà á sí apá òsì àwòrán, ó sì fẹ̀ tó kí bẹ́ẹ̀dì onítáyà kọjá láìfara kan ògiri. Rúlà ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe obìnrin yìí, nítorí pé ìlà tirẹ̀ kì í wọ́. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí ó ti ń yàwòrán ilé fún ìjọba. Ó wo ọ̀gá, ó wo ìka náà, ó wá béèrè ibi tí ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn yóò gbà wọlé.

Ọ̀gá fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Òpó mẹ́fà ni yóò dúró níwájú, irú èyí tí àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ fi ń ṣe ojú tẹ́ńpìlì wọn lọ́ṣọ̀ọ́, tí orí wọn ká lọ́tùn-ún lósì bí ìwo àgbò. Irú òpó bẹ́ẹ̀ kì í dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn ní í gbé e ga, àtẹ̀gùn náà sì gbọ́dọ̀ gba gbogbo iwájú ilé. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá lè wọ àárín wọn, ẹwà ilé ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní wọn yóò ṣe òmíràn sẹ́yìn tó bá yá. Ohun tí kò sọ, tí gbogbo ọ́fíìsì sì mọ̀, ni pé àna rẹ̀ ló ń ṣe òpó tà, àti pé òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ìlẹ̀kùn tàbí fèrèsé.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé Rúlà fẹ́ràn òpó náà. Àyóníìkì ni olùkọ́ wọn ń pè é nílé ẹ̀kọ́, òun ni Rúlà sì yà tó fi gba ipò kìn-ín-ní. Ó mọ̀ pé gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ìbú ìdí rẹ̀. Ó mọ bí a ti ń fi kọ́ńpáàsì ká orí rẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ojú kékeré kan láàárín. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi yà wọ́n, inú rẹ̀ sì ń dùn bó ti ń yà á. Lọ́jọ́ kẹrin ó mú rọ́bà, ó pa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ́, ó sì fọwọ́ sí abẹ́ ìwé.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ mọ́. Yóò jókòó, yóò dìde, yóò lọ sídìí fèrèsé, yóò padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé sí ọ̀gá nípa ọ̀nà ẹ̀yìn ilé. Èsì tó rí gbà ni pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúnáwá síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílé, àwòrán òpó náà kún ojú ìwé ìròyìn. Ilé ìgbẹ̀bí náà kò ju òpópónà méjì lọ sí ọ́fíìsì wọn, nítorí náà, bí wọ́n bá ti lọ jẹun ọ̀sán, òun a lọ dúró ní òdìkejì títì, a máa wo àwọn aboyún. Wọn a fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ mú, wọn a gùn ún dé àtẹ̀gùn karùn-ún, wọn a sinmi, wọn a tún máa gùn ún lọ. Mọ́kànlá ni àtẹ̀gùn náà. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló ń wá lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní òun kàn ń na ẹsẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ló wà lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí takisí kan sáré dé. Ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ni Bàbá Onífáìlì, àgbàlagbà tó ń gbé fáìlì láti yàrá dé yàrá ní ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Oyún àkọ́kọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin aṣọ rẹ̀ dé orúnkún. Nọ́ọ̀sì méjì ti àga onítáyà jáde wá kánkán. Nígbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀.

“Ẹ bá wa gbé e,” ni Bàbá ń wí fún àwọn tó ń kọjá. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e.”

Rúlà sáré sọdá títì. Wọ́n gbé àga sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé ọmọ náà lé e. Awakọ̀ di ẹ̀gbẹ́ kan mú, nọ́ọ̀sì kan di èkejì, Bàbá àti Rúlà wà lẹ́yìn. Omi òjò ti mú kí òkúta máàbù tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn máa yọ̀. Ọmọ náà ń ké, nígbà tó ṣe ó dákẹ́. Ní àtẹ̀gùn kẹsàn-án ẹsẹ̀ Bàbá yọ̀. Àga dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ náà sì fi ikùn gbá etí àtẹ̀gùn. Wọ́n tún gbé e. Nígbà tí wọ́n dókè, àga pẹ̀lú ènìyàn lọ́tùn-ún lósì kò gba àárín òpó méjì kọjá, wọ́n ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó tì í wọlé. Rúlà mọ ìwọ̀n àlàfo náà láìwò ó. Òun ló yàn án, nítorí pé ó dùn ún wò.

Ìyá yè é. Ọmọ tuntun kò ké rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá Onífáìlì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé fáìlì kan sórí tábìlì Rúlà. Ilé ìgbẹ̀bí mìíràn ni, ní ìlú mìíràn. Ọ̀gá ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ó rí bí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, wọ́n sì ti so àwòrán ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Bàbá kò lọ. Ó ní ọmọ òun ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, àti pé òun kò tíì ráyè dúpẹ́.

“Ọmọ mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ,” ni ó wí. “Ojú ọ̀nà kún lọ́jọ́ yẹn, ìwọ nìkan lo yà.”

Rúlà kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe, ló bá ṣí fáìlì. Àwòrán náà là sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Bàbá rí òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí Rúlà fọwọ́ sí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi gbé fáìlì, kò sí ìfọwọ́sí kan nínú ilé iṣẹ́ yẹn tí kò mọ̀ bí ẹni mọ ojú ènìyàn.

Ó fi ìka kan àtẹ̀gùn inú àwòrán náà. “Wọn kò ya ọ̀nà kankan síbẹ̀ ni?”

“Mo yà á, Bàbá. Ọ̀gá ní kí n pa á rẹ́.”

“O sì pa á rẹ́.”

“Mo pa á rẹ́.”

Bàbá ṣí ìwé tí wọ́n fi ń gba fáìlì, ó fi ìka hàn án níbi tí yóò fọwọ́ sí. Ó dúró títí Rúlà fi fọwọ́ sí i tán. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pa ìwé dé, ó gbé e sábẹ́ apá.

“Ẹ ṣeun, màdáámù,” ni ó wí, ó sì jáde lọ.